Gìtá Tí Mo Fi Pákó Yèyé Ṣe

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹwàá, 2024. Osi.

Pẹ̀lúmi wá láti Obbo-Ayégúnlé. Òun ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbẹ̀. Òrùlé jò, omi wọ gìtá náà, ara rẹ̀ wú, ó là. Ọrùn rẹ̀ nìkan ló yè, pẹ̀lú àwọn irin àti wáyà. Ó fi aṣọ wé wọn bí ọmọ tuntun. Ó fẹ́ kí n ṣe ara mìíràn fún un, kí inú rẹ̀ ní ihò kó lè fúyẹ́ — ó ní ti àtijọ́ wúwo débi pé ẹ̀yìn ń dun òun lẹ́yìn ìsìn.

Àga àti ilẹ̀kùn ni mò ń kàn. Mo ní mo lè ṣe é kí n tó ronú. Ẹnu mi yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8.

Pátánì ni mo fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Mo lẹ àwòrán tí Pẹ̀lúmi mú wá mọ́ puláíwúùdù, mo rẹ́ ẹ. Ọ̀kan fún bí ara gìtá ṣe rí lóde, ọ̀kan fún àwọn ihò inú, ọ̀kan fún ibi tí ọrùn máa jókòó sí. Ráútà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi, etí pátánì ló máa ń gbá tẹ̀lé. Bí etí yẹn bá rí wúruwùru, bẹ́ẹ̀ náà ni igi á ṣe rí. Sanpépà, sanpépà, títí ó fi ń dán.

Ọjọ́bọ̀, 10.

Igi ló kù. Àfàrà tó gbẹ dáadáa ni Pẹ̀lúmi ń fẹ́. Gbogbo àfàrà tó wà níbi tí wọ́n ti ń lagi ṣì tutù, omi ń yọ lára wọn. Àfàrà gbígbẹ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ wà lókè àjà ṣọ́ọ̀bù mi. Ti Yèyé ni, ìyá Damaris ìyàwó mi. Ọkọ rẹ̀ ló gé igi náà lóko wọn ní Òkè-Ọ̀pin kó tó kú. Yèyé ní kí n bá òun tọ́jú àwọn pákó yẹn, òun ò fẹ́ kí wọ́n sin òun nínú igi ọjà. Pósí rẹ̀ ni.

Mo gòkè, mo wò wọ́n. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 11.

Mo gbé ọ̀kan. Ọ̀kan péré. Màá fi òmíràn dípò rẹ̀. Mo ti gé e, mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo ti fi kíráǹpù, irin tó ń di igi mú, fún un pọ̀. — Ta ni mò ń ṣàlàyé fún?

Ọjọ́ Ajé, 14.

Iná wà láti àárọ̀. Mo de pátánì mọ́ ojú igi, mo tan ráútà. Èèyàn kì í ki ẹnu ráútà bọ inú igi lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ni, kó má baà fa igi ya. Mi ò fọwọ́ kan àárín, torí ibẹ̀ ni okùn gìtá á máa fà. Apá ọ̀tún àti apá òsì ni mo gbẹ́ ihò sí, mo fi etí tín-ín-rín sílẹ̀ yíká. Kò ya níbì kankan. Lẹ́búlẹ́bú igi bo apá mi, ó ń rùn dáadáa. Mo gbé e sókè, mo kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó dún. Mo rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí Yèyé tó ni igi. Ojú tì mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 16.

Damaris ní ìyá òun ń bọ̀ lọ́la torí dókítà ojú.

Ọjọ́bọ̀, 17.

Yèyé dé. Kò tíì mumi tó fi ní kí n jẹ́ kí òun kí igi òun. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bí ẹni ń kí ìbátan. Mo ti mọ̀ pé á béèrè. Mo ti fi pákó tuntun kan há àárín àwọn tirẹ̀ kó tó dé. Mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi ń wò. Ó fọwọ́ ra wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí ọ̀kan. Mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Ara gìtá náà wà lábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì, kò jìnnà sí bàtà rẹ̀.

Ó ní ó dára. Ó ní kí n kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní ẹni tó bá òun tọ́jú ilé ìkẹyìn òun, Ọlọ́run á bá a tọ́jú ilé tirẹ̀. Mo ṣe Àmín. Mo ṣe é kíkankíkan.

Ọjọ́ Ẹtì, 18.

Mi ò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 20.

Wọ́n ní ká dijú gbàdúrà. Mi ò di tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22.

Damaris gbé oúnjẹ ọ̀sán wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì lọ. Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní kí Yèyé tó gun ọ̀kadà lọ́jọ́ náà ló ti sọ fún òun pé ọ̀kan nínú pákó yẹn kì í ṣe tòun, ó ṣì tutù lọ́wọ́. Yèyé ní kí òun má bá mi jà, kí òun má sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá òun fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Damaris sì ti ń dúró. Ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, mo ń dáhùn pé ó ń lọ dáadáa.

"Mo ní ẹ máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì," ló wí. "Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, mo ní tó bá di ọjọ́ Àìkú. Bàbá Princess, ó ti rẹ̀ mí."

Yèyé mọ̀, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí mi. Ó mọ̀, ó sì gbàdúrà náà parí.

Ọjọ́rú, 23.

Mo yí igi náà síbí sọ́hùn-ún. Ihò ni. Kò sí ohun tí mo lè fi dí i tó tún máa di pákó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26.

Òkè-Ọ̀pin. Mo di ara gìtá náà sínú àpò, mo gbé e lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Yèyé, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kò ní kí n dìde.

Ó ní igi kọ́ ló dun òun. Ká ní mo béèrè ni, bóyá òun á fún mi, bóyá òun ò ní fún mi. Ó béèrè ìdí tí mo fi há òmíràn síbẹ̀. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí.

"Rárá," ló ní. "Ojú mi tí kò ríran mọ́ lo gbọ́kàn lé."

Mo fi iwájú orí kanlẹ̀.

Ó ní kí n gbé nǹkan náà wá. Ó fi ìka tọ inú ihò rẹ̀ yíká, díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ pa etí rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà mọ́. Ìyẹn ló le jù fún mi. Ó ní kí n ṣe é tán, kí n gbé e fún ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́, torí ẹni yẹn ò ṣẹ òun.

"Àmọ́ pósí mi, ìwọ kọ́ lo máa kàn án mọ́. Mo ti ránṣẹ́ sí Alameen káfíńtà ní Ìlọ́fà."

Jẹ́ẹ́ ló sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, kí n wá jẹun. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, 30.

Mo lẹ ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn. Mo fá a, mo kùn ún. Ó fúyẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kọkànlá.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni Pẹ̀lúmi wá gbé e. Ó pè láàárọ̀ yìí. Ó ní wọ́n tò ó tán, òun fi ta orin lánàá, ó dún débi pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń dìde wò. Wọ́n dárúkọ mi níwájú ìjọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Damaris gbọ́ gbogbo rẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì láàárín àwa méjèèjì. Ó dìde, ó lọ ro ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7.

Alameen wá kó àwọn pákó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò béèrè ohunkóhun. Mo ti yọ èyí tí mo há síbẹ̀. A gbé wọn sínú ọkọ̀ pọ̀, òun lápá kan, èmi lápá kan.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó pa dà wá. Ó ní ìjókòó lòun máa ń bá Yèyé, òun ò sì lè ní kí àgbàlagbà dìde kí òun lè wọ̀n ọ́n fún pósí. Ṣé mo mọ bó ṣe ga tó?

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró ṣánṣán, mo fọwọ́ kan ibi tí orí rẹ̀ ń dé ní àyà mi. Alameen fa tépù yọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó sì wọ̀n ọ́n lára mi.