Màálù Ìyá Gáà

                                        Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́ Obìnrin,
                                        Ìbàdàn.
                                        7 Oṣù Kẹwàá, 1956.

Mọ́ríátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àti ìyá rẹ ní Ìfọ́n ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá àgbà, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò dúró sójú kan. N kò tilẹ̀ mọ ibi tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ó dá mi lójú pé o ti gbọ́ pé Ìyá Gáà ti kú, nítorí ẹ̀yin ará Ìfọ́n lẹ súnmọ́ gáà àwọn Fúlàní wọn ju àwa ará Ìlobù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Jàlálù ló gbé gààrí wá fún mi ní Sátidé tí wọ́n sì sọ fún mi. Mo jókòó sórí àpò gààrí náà.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo fún oje bọmubọmu, ewé tó ń mú wàrà dì, pọ̀ jù sínú ìkòkò, tí wàrà wa korò bí ewúro? Mo ti ń wá ibi tí n óò sá gbà. Ìyá Gáà bù ú sẹ́nu, wọ́n di ojú méjèèjì, wọ́n ní, "Ó korò, ṣùgbọ́n wàrà ni. Mọ́ríátù, wá jẹ tìrẹ, kí ọ̀rẹ́ rẹ má dá ìyà jẹ." Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n tún gbé ìkòkò mìíràn fún mi. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà bi wọ́n pé bí wọ́n bá kọ́ gbogbo ọmọ Ìlobù àti ọmọ Ìfọ́n ní wàrà sísè, ta ni yóò ra tiwọn, wọ́n ní ẹnu tó ń jẹ wàrà pọ̀ ju ọwọ́ tó ń sè é lọ.

Níbí, bí wọ́n bá ní kí n kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwájú tíṣà wa, ohùn mi a máa gbọ̀n. Mo máa ń bi ara mi pé ta ló tàn mí pé mo lè di olùkọ́. Ìyá Gáà ni mo máa ń rántí kí ẹsẹ̀ mi tó dúró.

Ohun tó da orí mi rú nìyí. O mọ abo màálù olóyún tí wọ́n fà wá fún Màámi nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀ nílé-ìwé. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ gbà á, ti ọ̀rẹ́ ni." Àwa rò pé a gbà á sìn ni, bí a ti ń gba ewúrẹ́ sìn, tí àkọ́bí máa ń jẹ́ ti ẹni tó ni ẹran. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti lè jẹ koríko, Màámi ní kí Jàlálù fà á lọ sí gáà. Tayọ̀tayọ̀ ni, Màámi tilẹ̀ so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyá Gáà gba okùn, wọ́n fún Jàlálù lómi mu, wọ́n sì wọlé láìsọ̀rọ̀. Wọn kò yà sílé wa mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ìgbà tí Jàlálù lọ bá wọn kẹ́dùn ni Bùràímọ̀, ọmọ Ìyá Gáà, là á yé e. Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé ẹ kò mọ̀ ni? Ọmọ ni ẹ̀bùn. Ìyá rẹ̀ la yá yín, kí ẹ máa fún wàrà rẹ̀ títí ọmọ yóò fi dàgbà. Ẹ wá dá ẹ̀bùn padà, ẹ mú èyí tí a yá yín dání! Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun kò ṣọ̀rẹ́ mọ́ ni." Jàlálù ní kí ló dé tí Ìyá Gáà kò sọ. Bùràímọ̀ ní àwọn kì í fi ẹnu sọ ohun tó bá dùn wọ́n.

Mọ́ríátù, ṣé pẹ̀lú èrò pé a kọ̀ wọ́n ni wọ́n fi kú? N kò mọ̀. Màálù náà pàápàá kò sun wàrà mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀ lọ; ọ̀nà Ìfọ́n ló ń kọjú sí, tó ń ké. Jàlálù ní kí a dá a padà kí wọ́n má baà pè wá lólè. Màámi ní bí a bá dá a padà, okùn tó kù ni a já yẹn. Kí a sì lọ bèèrè ọmọ màálù lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ojú ń tì mí. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wa: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ìgbà tí Jàlálù dìde lọ́dọ̀ mi láti máa lọ ni wọ́n tó sọ ohun kan, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Wọ́n ní Bùràímọ̀ sọ pé láti ọjọ́ tí Ìyá Gáà ti gba okùn abo ọmọ màálù náà ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, Rísíkátù, àti pé láràárọ̀ ni wọ́n ń pè é wá lá iyọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, títí àìsàn fi dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá bínú síni, ṣé ó máa ń pe orúkọ ẹni láràárọ̀?

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì kí Stella tí a jọ jókòó ní kíláàsì. Jọ̀wọ́, ìwọ tí o gbọ́ èdè wọn díẹ̀, mú Màámi dání lọ sí gáà. Bá mi kúnlẹ̀. Sọ fún Bùràímọ̀ pé àìmọ̀ ni, a kò kọ ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà, bu iyọ̀ sọ́wọ́, kí o pe ọmọ màálù náà ní orúkọ mi. Bí ó bá wá bá ọ, tọrọ okùn rẹ̀, kí o fà á wálé wá bá ìyá rẹ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ń retí èsì,

Rísíkátù, èyí tó wà ní Ìbàdàn.