Ìdì Elétí Kan

Ilé Àrówólò,
Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé àtijọ́,
Adabraka, Accra.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Láwàlì,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń dùn ọ́, mo sì kí àwọn ọmọ tó yí ọ ká ní Ọ̀ffà. Ṣé Láwàlì ti padà sí ibi iṣẹ́? Ṣé ojú rẹ ti ń ríran dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ara tèmi le bí ó ṣe yẹ kí ara àgbà le. Ilé ló kàn dákẹ́.

Abọ́dúndé jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. Ó sọ gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ lọ́hùn-ún nípa àbúrò rẹ Sẹ̀kínátù àti Lọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi. N óò dáhùn bí ó ṣe tò ó.

Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ìsọ̀ Sẹ̀kínátù pa ní ọjà Makola. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó débẹ̀. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ òyìnbó kan ló bẹ Lọ́pẹ́ lọ́wẹ̀ kí ó ba ọjà àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alátà níbí jẹ́. Irọ́ ni. Yunifásítì ló wà, níbi tó ti ń ṣe ìwádìí lórí ohun tí à ń jó láàrin ìlú àti ibi tí eérú rẹ̀ ń wọ̀. Wọ́n ní ó dárúkọ Sẹ̀kínátù ní gbangba. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní Sẹ̀kínátù ti palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Èyí nìkan ló jẹ́ òótọ́, ó sì dùn mí pé òun ni.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. O mọ̀ pé eérú èèpo kòkó ni ìyá yín fi ń se ọṣẹ dúdú tí àwọn ará ibí ń pè ní alátà sàmínà. Òun náà ni Sẹ̀kínátù ń lò. Ṣùgbọ́n èèpo kòkó jìnnà sí Accra, àwọn kan tó ń se ọṣẹ sì ti ń jó àjákù pákó tó ní ọ̀dà lára dípò rẹ̀. Lọ́pẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra ọṣẹ káàkiri, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá òjé nínú èyí tí a fi eérú pákó ọlọ́dà sè. Òjé a máa rọra ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ojú kò sì lè rí i. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí gbígbọ́. N kò yẹsẹ̀ lórí ìyẹn.

Nígbà náà ni wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí sí ìdíje, pé kí olúkúlùkù fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ bí yóò ṣe yé ará ìlú. Lọ́pẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sórí ní pálọ̀ mi. Mo tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe, mo ní kí ó dúró ṣánṣán, kí ó má sì sáré. Òòyà ló dì mú, ó ní kí n kà á sí ọṣẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ọṣẹ gan-an ló mú lọ́wọ́ ni, ojú mi ì bá rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí.

Ní ọjọ́ ìdíje, ó mú ọ̀kan nínú ọṣẹ tí Sẹ̀kínátù fi ta wá lọ́rẹ. Èrò rẹ̀ dára. Ti Sẹ̀kínátù wà lára èyí tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọn kò sì bá nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí bí ọṣẹ tó mọ́ ṣe ń rí, kí wọ́n má baà kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ó gbé e sókè bí a ti dì í.

O mọ ìdì náà. Ìdì ìyá yín ni: aṣọ ẹlẹ́lùú tẹ́ẹ́rẹ́, tí a ta kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì dá etí kan ṣoṣo sí lókè. Ní Makola, ẹni tí kò mọ ìwé mọ ìdì. Àwọn alárù pàápàá, ìdì ni wọ́n fi ń mọ ìsọ̀ tí wọn óò gbé ẹrù lọ. Ọ̀gá Lọ́pẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dárúkọ oníṣòwò kankan, ó sì pa á mọ́. Wọ́n kọ́ ọmọ náà pé ẹnu ni a fi ń dárúkọ. Àwa tí a tọ́ ọ dàgbà ní Accra kò kọ́ ọ ní èyí tó kù.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gba ipò kejì. Ẹnìkan fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Bí fídíò náà ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n ń gé e kúrú, títí ó fi ku ibi tó ti ní òjé wà nínú ọṣẹ, àti ibi tó ti gbé ìdì elétí kan sókè. Ibi tó ti ní irú èyí ni kí ẹ rà kò dé Makola.

Afua, tó ti ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ Sẹ̀kínátù láti ìgbà wúńdíá rẹ̀, dé ìsọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. "Maame Alátà, èyí tí a fi ń wẹ alààyè ni mo fẹ́ o, má ta ti òkú fún mi." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Sẹ̀kínátù náà rẹ́rìn-ín. Afua kò ra ọṣẹ lọ́jọ́ náà, kò sì padà wá.

Mo mú Lọ́pẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. O mọ̀ pé ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá ju bí ó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀ ní ojú ọ̀nà níwájú ìsọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, ó bọ́ sínú Tíwì, ó tún padà.

"Màmá, tiyín ló dára jù. Ìdí tí mo ṣe mú un nìyẹn."

Sẹ̀kínátù fà á dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. "Mo gbọ́, ọmọ mi. Lọ sọ ọ́ fún àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́."

Ó lọ. Ó ṣe fídíò mìíràn ní Tíwì àti ní Gá. Ó dúró ní ibùdókọ̀ Kaneshie, ó ń bá àwọn èrò trotro sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn kan fetí sí i. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kì í dùn tó ìròyìn. Àwọn tó wo ti àkọ́kọ́ kún ọjà. Àwọn tó wo èkejì kò lè kún pálọ̀ mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò mọ ẹni tó lè jókòó de ọjọ́ náà ní Makola nídìí ọjà tí kò tà.

Ohun tó tún dùn mí ni pé àwọn tó ń jó pákó ọlọ́dà ṣì ń tà, bóyá wọ́n tilẹ̀ ń tà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú ọ̀rá lásán ni wọ́n ń di tiwọn sí. Kò sí ẹni tó lè mọ ọwọ́ tó dì í.

Sẹ̀kínátù wọ ọkọ̀ ilé ní ọjọ́ Ajé. Ó ṣeé ṣe kí ó ti wà lọ́dọ̀ rẹ kí lẹ́tà yìí tó dé. Má bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọṣẹ títí yóò fi sinmi. Fún un ní yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni ní Ọ̀ffà bá ní ọṣẹ rẹ̀ ń ṣe ènìyàn ní ibi, ìwọ ni kí o dá olúwarẹ̀ lóhùn. Má jẹ́ kí ó kan òun. Bá mi kí Láwàlì àti ìyàwó rẹ̀. Abọ́dúndé yóò kó aṣọ àwọn ọmọ wá bí ó bá ń bọ̀.

Kí Sẹ̀kínátù tó lọ, ó yà sílé mi. Ó gbé ọṣẹ sílẹ̀ fún Lọ́pẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ lọ́mọ tuntun. Inú ọ̀rá lásán ló kó o sí. Kò sí aṣọ ẹlẹ́lùú, kò sí etí.

Mo gbé e fún Lọ́pẹ́ nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Bí o bá fẹ́ fèsì, bi mí ní ohunkóhun nípa fídíò náà tàbí nípa ìsọ̀ náà, n óò dáhùn. Ohun tí ọmọ náà ṣe nígbà tó wo inú ọ̀rá, n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Má bi mí.

Èmi náà ni, tìrẹ láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni,

Àrínọlá Àrówólò.