Kámẹ́rà Tí Ẹ Ní Ká Rà

Bọ̀dá Wàsíù,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà ní Kétu. Ẹ̀jẹ̀ ríru Mummy ti rọlẹ̀, owó kámẹ́rà sì ti dé.

Èyí tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ó fi máa rí ilé láti Kánádà, ni mo fẹ́ rà. Àmọ́ lánàá, ẹni tó fẹ́ bá wa gbé e kọ́ ṣí fóònù rẹ̀ láti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn wá.

"Ẹ wò ó, ó mọ́ kedere!"

Aunty Kàdíjátù la rí ní pálọ̀ wọn n'Ífákọ̀, àwọn tó ṣì ń ṣe opó tákàbà ọkọ wọn! Orí wọn ṣí sílẹ̀, wọ́n ń dá sunkún. Mo bi í léèrè pé:

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ò ń wò wọ́n?"

"Madam, ọmọ wọn ló ní ká gbé e síbẹ̀. Ọwọ́ mi ṣáà ni pásíwọ̀dù wà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ra ánálọ́ọ̀gù oníwáyà, tí àwòrán rẹ̀ kì í kúrò nínú ilé. Kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá olè tiẹ̀ ń bẹ̀rù èyíkéyìí.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Mummy ní tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn, kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí àwọn lè ráyè wé gèlè.

Àbúrò yín,
Nimat