Fíìmù Tí Kò Ní Káṣíà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù 2025

Lónìí, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ohun kan yé mi. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti yé mi.

Mo gbé kámẹ́rà lọ ya iwájú ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Mushin, èyí tó ní géètì àwọ̀ ewé. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já ọkùnrin kan sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀ — bíríkì ló já lù ú níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Èèyàn bíi méje tẹ̀lé e wọlé. Nọ́ọ̀sì jáde. Mo rò pé yóò ní, "Kí ló ṣe é?" Ó ní, "Ta ló mú un wá?"

Gbogbo wọn sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Òmíràn ní òun ò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ti sítáàtì kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Màmá kan tó ń ta omi létí géètì rí bí mo ṣe ń wò, ó ní: "Ẹni tó bá ní òun ló mú un wá, òun ni wọ́n máa dá dúró títí owó á fi dé."

Hẹ̀n-ẹ́n! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da omi sí ẹni tó ṣubú lójú títì, tí wọ́n ń pariwo "Jésù!" "Láìláhà!", tí kò sì sẹ́ni tó máa gbé e. Mo ti ya irú ẹ̀ sínú fíìmù mi nígbà tí mo wá lọ́dún 2023. Mo sì sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì lórí rẹ̀ pé àwọn ará Èkó ò ráyè ara wọn mọ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ wọn. Àánú ń ṣe wọ́n. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ìyàwó ọkùnrin náà ló dé nígbẹ̀yìn. Òun ló ní "èmi ni."

Ọjọ́rú, 11 Òkúdù

Àǹtí mi, tí mò ń pè ní Káńsù, ní kò sẹ́ni tó ń pe oṣù yìí ní Òkúdù mọ́. "June ni, jọ̀ọ́." Màá máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọjọ́bọ̀, 12 Òkúdù

Káńsù — Àǹtí Abigail ni, ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ ìwé ìbí ní káńsù. Kò yí ọjọ́ orí ẹnì kan padà rí. Àlùfáà ìjọ wa bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lé e jáde.

Mo wá fún oṣù mẹ́fà kí Yorùbá lè padà sí mi lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sí Leeds, nílùú Ọba, mo ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Fíìmù ọdún 2023 yẹn ni mo fi jáde yunifásítì: ìṣẹ́jú méjìlélógún, èèyàn méjì. Caroline ní Leeds, tí wọ́n yọ òkúta inú òróòro fún láì gba kọ́bọ̀. Àti ọkùnrin kan ní Mushin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn látàárọ̀ dalẹ́, tó sì padà sílé bó ṣe wá. Ohùn Yorùbá ni mo fẹ́ fi sí i báyìí, kí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ lè gbọ́ ọ.

Èmi àti Káńsù jọ ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, a dé "ìtọ́jú ọ̀fẹ́". Káńsù ní, "Ọ̀fẹ́? Ta ló ń sanwó dókítà?" Mo ní owó orí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi gé owó orí lára owó oṣù mi. Nígbà tí orúnkún mi daṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo ra òwú. Èmi ni mo ra ìbọ̀wọ́ tí dókítà fi fọwọ́ kàn mí. Ọ̀fẹ́ kọ́, ọ̀fẹ́ ni."

Nítorí náà — a ti ń sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Àbí? Kò yé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù

Mo ti fi fíìmù mi han àwọn èèyàn, tòun ti ohùn Yorùbá rẹ̀! Ṣọ́ọ̀bù ńlá Alhaji Yẹ̀kínnì, alága ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ ní Mushin, lẹ́yìn ìpàdé wọn. A ta aṣọ funfun sára ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Wọ́n lé ní àádọ́ta. Alhaji ti sọ mí lórúkọ: Àǹtí Sinimá.

Nígbà tí ọkùnrin Mushin wà lójú aṣọ náà, wọ́n ń mi orí. "Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn." Ó wá kan Caroline. Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gbé tíì fún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Obìnrin kan ní, "Ta ló mọ̀ níbẹ̀?" Ẹnì kan dá a lóhùn látẹ̀yìn: "Ẹ ní sùúrù, wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ káṣíà ni." Ẹ̀rín bú. Caroline wọ bàtà. "Ó ń bọ̀ o, káṣíà ń bọ̀!" Caroline gba ẹnu ọ̀nà jáde. Fíìmù parí.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Alhaji kígbe sí ẹni tó wà nídìí jẹnẹrétọ̀: "Ṣé epo ló tán ni?"

Mo dìde, mo ní ó ti parí. Mo ní kò sí káṣíà. Gbogbo ilé ń wò mí — mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ojú yẹn. Kì í ṣe ìbínú, kì í ṣe ayọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ṣírò nǹkan lọ́kàn.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Òkúdù

Orí ń fọ́ mi. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdù

Alhaji Yẹ̀kínnì wá bá mi ní Ìpọ̀nrí. Ó kí Káńsù dáadáa, ó jókòó, ó fa àpòòwé ńlá kan yọ. Mo rò pé ẹ̀bùn ni. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni! Ti èèyàn mọ́kànlá. Wọ́n kọ orúkọ àti àìsàn sẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ṣítù — ojú. Ìyá Abdussalam — jẹjẹrẹ ọmú. Alhaji fúnra rẹ̀ — ìtọ̀ ṣúgà.

Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

Ó ní, "Àwọn tó máa kọ́kọ́ lọ ni."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Pé èmi kì í mú èèyàn lọ sókè òkun. Pé fíìmù lásán ni, pé kí àwa náà lè máa béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba níbí ni mo ṣe ṣe é. Ó tẹ́tí sí mi. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ó yé mi, Àǹtí Sinimá. Ẹ ò fẹ́ kó pariwo."

Bí mo ṣe ń sẹ́ ẹ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dá a lójú tó. Ó fi àpòòwé sílẹ̀ lọ.

Mo ké sí Káńsù. Kò ṣàánú mi rárá. "Àlejò dé láti Leeds, ó gbé sinimá ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ wá, ó ní òun ò ta nǹkan kan. Èmi gan-an ì bá mú fọ́tò wá."

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù

Obìnrin tó béèrè "Ta ló mọ̀ níbẹ̀?" wá lónìí. Àmúdàtù lorúkọ rẹ̀, télọ̀ ni, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó mú ọmọ rẹ̀ wá — Basheerah, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà ní òun ò fẹ́ kí wọ́n pọn òun. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́fà, ó dúró, ó lóṣòó sílẹ̀, ó ń mí. Ètè rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó lá aró.

Ọkàn rẹ̀ ní ihò. Ilé ìwòsàn aládàáni pe iye kan — ẹ̀rín ni Àmúdàtù fi sọ ọ́. Ní ti ìjọba, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ń wá láti òkèèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọdún méjì nìyí tí orúkọ Basheerah ti wà níwèé wọn. "Dókítà ní ká má jẹ̀ẹ́ kó ju ọdún yìí lọ, Àǹtí."

Basheerah ń wo ẹnu mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń fi Yorùbá mi tó ń kọsẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹnu ń ro yín ni?" Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbá a létí. Èmi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Àmúdàtù ní òun ti ṣe tán ní tòun. Òun ti ta ẹ̀rọ tí òun fi ń di etí aṣọ, òun ti fi owó rẹ̀ san ti pásípọ́ọ̀tù ọmọ. Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n máa ya fọ́tò rẹ̀ ní ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Òkúdù

Ẹ̀rọ yẹn ló fi ń jẹun. Nítorí fíìmù mi.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Òkúdù

Mo dúró de Dókítà Olúdayọ̀, ará ìjọ wa, lẹ́yìn ìsìn. Surulere ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń lọ sí Birmingham lóṣù kẹjọ. Mo ro ọ̀rọ̀ Àmúdàtù fún un. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí obìnrin náà ná kọ́bọ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá láti ìta máa sanwó ni, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, iye tí wọ́n á sì pè fún un tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye gidi.

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo lò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí rí.

"Kò sẹ́ni tó bi ẹ́, torí o ti di tiwọn."

Mi ò mọ̀. Mo ṣe odidi fíìmù lé e lórí, mi ò mọ̀! Fíìmù mi ò purọ́. Ó kàn gbàgbé láti sọ ọ̀fẹ́ ta ni.

Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Jemimah, ìwọ ń kó àwòrán ilé ìwòsàn wọn bọ̀ wá bá wa, àwọn ń kó dókítà wa lọ. Ó tọ́, àbí?" Mi ò mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí. Òun? Àwọn? Àwa? Níbí, owó lèèyàn máa kọ́kọ́ fi hàn. Níbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù. Ṣé ohun kan náà ni? Kò lè jẹ́ ohun kan náà. Àbí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdù

Mo lọ sọ fún Àmúdàtù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀ ṣì mọ́ ju ilẹ̀ yòókù lọ. Gbogbo gbólóhùn tí mo ti tò sílẹ̀ sá kúrò lẹ́nu mi. Mo kàn sọ ọ́ ṣákálá: wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ yín.

Kò dá sísọ́ọ̀sì dúró. Ó gé aṣọ náà dópin kó tó sọ̀rọ̀. "Tẹ́yin bá bímọ ńkọ́? Ọmọ yín máa sanwó?"

Mo ní rárá.

"Hẹ̀n." Ó fa aṣọ mìíràn sún mọ́ra. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Òkúdù

Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Àmúdàtù àti ọkọ rẹ̀, Taoheed, tó ń jó irin. Àmúdàtù ló sọ̀rọ̀. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta tò ó.

Ilé agbẹ̀bí ni wọ́n bí Basheerah sí. Kò níwèé ìbí títí dòní. Orúkọ mi ni kí wọ́n kọ sí i níbi ìyá. Ó ti ṣírò ọjọ́ orí mi, ó ní ó bá a mu. "Ẹ ò ní bọ́ ọ. Ẹ ò ní sanwó ilé ìwé. Tí wọ́n bá ti dí ihò yẹn tán, kẹ́ ẹ dá a padà fún wa."

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Pé wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Pé wọ́n lè tì mí mọ́lé.

"Wọn ò ní pa yín, Àǹtí."

Ìgbà yẹn ni Taoheed la ẹnu, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ máa tọ́ ọ lọ níbẹ̀, a ò ní bá yín jà." Àmúdàtù yíjú wò ó. Mi ò fẹ́ rí irú ojú yẹn mọ́ láyé mi.

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ rárá. Kí ló dé tí mi ò sọ rárá?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Òkúdù

Mo sọ fún Káńsù. Mo fẹ́ kó bínú — ìdí tí mo ṣe sọ fún un nìyẹn, kó lè pariwo lé mi lórí kí n sì rí ẹni gbé ẹ̀bi lé. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó sọ òkúta kan nù.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin, tí wọn ò tíì kọ síbì kankan. Kò le. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló wà lórí àga mi ní káńsù báyìí."

Mo ní, "Àǹtí. Ẹ̀yin?"

"Ìwọ lo máa fọwọ́ sí i, kì í ṣe èmi. Mo kàn ní kò le ni." Ó padà sídìí ẹ̀wà.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Òkúdù

Dókítà Olúdayọ̀ bá mi wádìí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ń bọ̀ lóṣù kẹwàá, ogójì ọmọ ni wọ́n máa ṣe. Basheerah ló ṣìkejìléláàádọ́ta. Ó lè kàn án. Ó lè má kàn án. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìbí náà fún un, ó ní tòun ò sí níbẹ̀, òun ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi.

Tí mo bá fọwọ́ sí i, ilé tó tọ́jú mi ni mo jà lólè, mo sì ti fọwọ́ ara mi ṣe ohun tí àwọn tó kórìíra wa níbẹ̀ ń sọ pé a máa ń ṣe. Tí mi ò bá fọwọ́ sí i, mo ti fi ilẹ̀kùn han ìyá ọmọ, mo sì dúró síwájú rẹ̀.

Ohùn kan wọlé sórí fóònù mi lẹ́yìn ìrun àárọ̀ wọn, látọ̀dọ̀ Àmúdàtù. Kì í ṣe ohùn tirẹ̀. Basheerah ni, ó ń mí gúlegúle láàárín ọ̀rọ̀: "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Basheerah ni mí. Ọmọ yín ni mí." Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Mo wá gbọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, jẹ́jẹ́: "Tún un sọ. Má rẹ́rìn-ín."

Aago mẹ́jọ ọ̀la ni wọ́n máa ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìbí sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Mi ò rí ẹni tó sọ fún mi pé kí n má ṣe é. Mi ò rí ẹni tó sọ pé kí n ṣe é. Ìwọ nìkan ni mi ò tíì bi, ìwé mi. Jọ̀ọ́, gbà mí nímọ̀ràn: níbi tí wọ́n ti máa ní kí n kọ orúkọ ìyá ọmọ, kí ni kí n kọ?