Bay Rum Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Tìrìmísíyù,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa, mo sì kí Ameerah ọmọ wa. Ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò pọ̀ jù? Ẹsẹ̀ Ìyá wa ti ń san, wọ́n ti ń dá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹja wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, àmọ́ à ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ bay rum, ìpara olóòórùn dídùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Bàbá, ló mú mi kọ̀wé. Wọ́n fárí, wọ́n fi ra orí, inú wọn dùn sí òórùn rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n rí "rum" lára ìgò. Wọ́n ní, "Ṣé ọtí ni Tìrìmísíyù ní kí n máa fi para lọ kírun?" Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbé ìpè yín mọ́. Wọ́n rò pé ẹ ti gbàgbé ilé.

Èmi àti Agnes tó ń ta lọ́fínńdà ní Gáréèjì Ìkòròdú jọ wò ó lórí fóònù. Ewé igi kan tí wọ́n ń pè ní bay ní àwọn erékùṣù West Indies ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọtí ìrèké, ìyẹn rum, ni wọ́n fi ń fa òórùn rẹ̀ jáde láyé àtijọ́. Agnes bá mi wá èyí tí kò ní ọtí nínú.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Nítorí ewé ni mo ṣe ń bá ọmọ mi yodì?"

Ojú ń tì wọ́n láti kọ́kọ́ pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ má dárúkọ ọtí rárá, ẹ kàn kí wọn dáadáa.

Ọlọ́run á mú yín wálé láyọ̀, ẹ ó sì bá wọn láyé.

Àbúrò yín,
Sọ̀fíyàt