Bàbá, Ẹ Má Mú Àdá Wá sí Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ìyá àgbà, mo gbọ́ pé orúnkún yín tún ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kú ìfaradà. Bọ̀dá Tóyìn, ẹ̀yin tí ẹ ti ń pọ́n àdá láti ọjọ́ Ajé, ẹ kú ìbínú o. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo yín láti Ìkẹ́rẹ́.

Ojú ìwé àwọn ọmọ Ìlúmọba, ìlú wa, lórí fóònù ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, nítorí ibẹ̀ náà ni irọ́ ti tàn ká. Awakọ̀ tí ẹ fi iṣu rán sí mi bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó rí i pé ojú mi wú. Ó sì rí Káyọ̀dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tó jẹ́ àgbà láàárín àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, tí wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀. Awakọ̀ so méjèèjì pọ̀, ó ní ọwọ́ tó fi lù mí ló dá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ẹ pè mí, Bàbá. Ẹ ní kí n má sọ nǹkan kan, pé ẹ̀yin àti ọmọkùnrin mẹ́rin ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta láti wá dá ọwọ́ kejì. Ẹ pa fóònù kí n tó la ẹnu. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ pa á, bóyá n kò ní lè sọ ọ́. Ẹ̀rù yín ń bà mí.

Káyọ̀dé kò lù mí. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n lù ú.

Láti ìgbà tí mo ti wọlé sí ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ níhìn-ín ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Obìnrin méjì péré ni wá ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ọkọ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jà, wọ́n á béèrè pé níbo ni mo ti wá, nítorí ẹnu wa kò dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Ooru náà ń bá mi jà: àwọn àpáta tó yí wa ká máa ń gba oòrùn pamọ́, yàrá mi á gbóná bí ààrò títí di òru. N kò ní ọ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá lójoojúmọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Irin kì í béèrè ìlú ẹni.

Ní oṣù tó kọjá, bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì gbé ọkọ̀ eré kan wá, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń gba ènìyàn méjì, tó dàgbà ju Ìyá mi lọ. Àwọn apá irin tó di táyà iwájú mú ti dípẹtà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n mọ́. Ọ̀gá ní àwa fúnra wa ni yóò ṣe tuntun, irú èyí tí a lè fà gùn tàbí kí a dín kù, kí táyà lè dúró ṣánṣán. Káyọ̀dé gé páìpù, ó fi iná jó nọ́ọ̀tù mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa yí páìpù náà lórí bóòtù títí táyà yóò fi nàró. Káyọ̀dé kìlọ̀ fún mi pé bó ti wù kó rí, bóòtù gbọ́dọ̀ wọ inú páìpù tó gígùn àtàǹpàkò.

Táyà tẹ̀ sínú, mo yí i. Ó ṣì tẹ̀, mo tún yí i. Ojú mi wà lára táyà, kò sí lára páìpù tí bóòtù ń yọ jáde nínú rẹ̀. Káyọ̀dé wà lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn, ó béèrè pé Bọ́sẹ̀, ṣé mo wọ̀n ọ́n? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. N kò wọ̀n ọ́n. Mo rò pé bí mo bá ní kó wá wò ó, yóò mọ̀ pé gbogbo ìwé tí ẹ ń ta kòkó rà fún mi kò wọ̀ mí lórí.

Lọ́jọ́ tí bàbá olùkọ́ wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ní ọ̀nà Èmùré, táyà òsì bọ́ sínú kòtò, bóòtù fà yọ, táyà sì dojú dé sábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ lọ forí sọ ògiri afárá. Eyín bàbá náà mẹ́ta jáde, egungun èjìká rẹ̀ sì dá.

Ọjọ́ náà gan-an ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dé pẹ̀lú àwọn méjì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi irin tí wọ́n fi ń tú táyà fọ́ gíláàsì ọkọ̀ mẹ́ta, ó fi gbá ọ̀gá nímú, ó ní ta ló fẹ́ pa bàbá òun? Ẹ̀jẹ̀ bo àyà ọ̀gá. Ọ̀gá nawọ́ sí Káyọ̀dé, ó ní ẹni tó jó o nìyẹn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu Káyọ̀dé, bóyá kí ọmọkùnrin náà lè rí i. Ó fi bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì nà án títí ẹ̀wù fi ya mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ó gbé páìpù. Káyọ̀dé fi ọwọ́ bo orí. Mo gbọ́ ìgbà tí egungun dá, ó dún bí igi gbígbẹ. Mo pariwo, ọmọkùnrin náà sì yíjú, ó gbá mi létí pé kí n dákẹ́. Ojú wíwú tí awakọ̀ rí nìyẹn. Mo sì dákẹ́ lóòótọ́.

Ọdún mẹ́fà ni Káyọ̀dé ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Oṣù tó ń bọ̀ ni fúrídọ́ọ̀mù rẹ̀, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, tí yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Opó ni ìyá rẹ̀ ní Èmùré, ó ti rán aṣọ ọjọ́ náà. Níwájú gbogbo wa ni ọ̀gá ti búra pé kò sí fúrídọ́ọ̀mù mọ́, kó máa lọ.

Mo tẹ̀lé Káyọ̀dé dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, n kò lè sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrin mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ gba ọkọ mi sílẹ̀ ni? Àwọn yòókù ní ẹ wo ìyàwó jórinjórin, ẹ wo bí ìfẹ́ ṣe ń pa á bí ọtí. Ọkọ̀ tó fọ́ ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ọmọ bàbá olùkọ́ sì wá wo ohun tó kù nínú rẹ̀. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ní kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wo apá ọ̀tún tí kò tíì bọ́, èmi kan náà ni mo yí òun náà. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ẹ máa kà á. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó já lé mi láyà. Ibi tí Káyọ̀dé jó kò tilẹ̀ sán. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Káyọ̀dé wà níbẹ̀, ó wá kó irinṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó fi ẹsẹ̀ ta páìpù náà bà mí lójúgun, ó ní ṣé òun kò bi mí ni? Mo ní ẹ bi mí, sà. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó lọ. Ẹ má ka ìyẹn sí i lọ́rùn, ó tọ́ sí mi.

Ọ̀gá jókòó sórí táyà. Ó ní òun ti búra ní gbangba, òun kò lè fi ẹnu ọmọdé kó o nílẹ̀. Ẹni tó bí mi ni kó wá sọ níwájú ẹgbẹ́ pé ọmọ òun ló ṣe é, kó sì bẹ ìyá Káyọ̀dé. Nígbà náà ni òun náà yóò bẹ ọmọ tí òun dá lápá, tí fúrídọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò sì dúró. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wá ní Àbámẹ́ta yìí tí ẹgbẹ́ ń ṣe ìpàdé, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bàbá mi, n kò rí i kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi fún ọba. Ọjọ́ tí ẹ ní ẹ ń bọ̀ náà ni. Ẹ wá. Ẹ mú Ìyá mi dání dípò ọmọkùnrin mẹ́rin, kí ẹ fi àdá sílẹ̀ sóko. Ìyá Káyọ̀dé yóò wà níbẹ̀. Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún un. Tí ẹ bá fẹ́ lù mí, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n tán. N kò ní sá.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo yín sí, kó má sì jẹ́ kí ọwọ́ wa ṣe ohun tí ọwọ́ wa kò ní lè tún ṣe. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé àti àwọn aládùúgbò. Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ ti múra ìjà nítorí mi, ẹ ṣeun, ẹ dúró sílé.

Èmi ọmọ yín tó parọ́, tó sì ti jẹ́wọ́,
Bọ́sẹ̀dé