Àwọn Tí Ń Dá Ìyápọ̀ Lóhùn

Àgọ́-Àmọ́dù,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìn-ín-ní, 1984.

Fẹ́mi Àlàó ọmọ mi,

Ọjọ́ tí àbúrò rẹ Ìyápọ̀ rẹ́rìn-ín sí àpótí Mísítà Festus, ayálégbé wa, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi rò pé ọmọ náà kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àṣé kò rí ẹni tó lè bá sọ ọ́ láàárín wa ni.

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú ìrọ́jú Èkó. Ṣé ara le, ṣé àyà kò já? Ọ̀nà tí o bá gbà jáde láàárọ̀ ni wàá gbà wọlé nírọ̀lẹ́, a ò ní fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ lójú wa. Bàbá yín ní kí n kí ọ, ikọ́ rẹ̀ ti dín, ọyẹ́ ló kù tí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ rẹ sì bí méjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ilé-ìwé àgbà ti ń so èso, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìyàwó rẹ.

O rántí bí Ìyápọ̀ ṣe máa ń di etí bí a bá ń lọ ata, tí kì í wo ojú ẹni, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ tútù nìkan ló ń jẹ. Ní oṣù kẹjọ ni Mísítà Festus, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wáyà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, gba yàrá iwájú lọ́wọ́ bàbá yín. Ó gbé àpótí kan wá tó ń fi bátìrì mọ́tò ṣiṣẹ́, ìwé àṣẹ ìjọba wà lára ògiri lókè rẹ̀. Mo rò pé asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Fẹ́mi, èyí ń gbèsì. Èèyàn á fi ìka kan irin kékeré kan, kó-kó-kóó, wọ́n á sì dáhùn láti inú àpótí, kóó-kó-kó, láìsí ohùn èèyàn kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyápọ̀ fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹrin ó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó tì í. Mísítà Festus ní èdè irin náà, tí kíkàn rẹ̀ dúró fún lẹ́tà, tí òun fi ọdún méjì kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyápọ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn mẹ́fà kan wà tí wọ́n máa ń pàdé nínú àpótí náà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀kan ní Gánà, àwọn yòókù ní ìlú òtútù, gbogbo wọn ló sì rí bíi Ìyápọ̀: ariwo ń dùn wọ́n, ojú èèyàn ń wọ̀ wọ́n lára. Ó ní ótísìmù ni àwọn dókítà òyìnbó ń pè é, kì í ṣe àrùn, bí a ṣe dá wọn ni. Mo dúpẹ́, mo wá bi í bóyá ó ti fojú rí wọn rí. Ó ní rárá, pé àwọn fúnra wọn kò tíì rí ara wọn rí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa.

Ìyá Dúróríkẹ́, tó ti sin ọmọ mẹ́ta kí Dúróríkẹ́ tó dúró, ní kí n má tan ara mi. Ó ní àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí, tí wọ́n ní àkókò ìpàdé, tí wọ́n mọ ọmọ ju ìyá rẹ̀ lọ, ta ni wọ́n bí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run? Ó ní bí wọ́n bá ti lè dá ọjọ́ fún un, ó parí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ kó-kóó náà níbi gbogbo. Ìyápọ̀ ń kan ìkòkò, ó ń kan ọmọ ọlọ, bí ọyẹ́ bá sì fẹ́ wá láti ìhà àpáta, páànù orí ilé wa á máa dáhùn.

Ni mo bá se ẹ̀kuru, mo po àádùn, mo gé ìrèké, mo yan ẹ̀pà, gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ń jẹ. Ọjọ́ tí Ràmọ́nì ọmọ àdúgbò gbé bátìrì lọ ṣáàjì ní Ṣakí ni mo gbé oúnjẹ náà wọlé nírọ̀lẹ́, mo ní bí agbára kò bá sí lọ́wọ́ wọn, wọ́n á gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú àpótí, mo ní ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ jẹ, ẹ yó, ẹ bá mi fi Ìyápọ̀ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé Ìyápọ̀ ti wà lẹ́yìn mi. Ó wo ojú mi, Fẹ́mi, ojú mi gan-an, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo bí i.

Ó ní, “Màámi, wọn kì í jẹun níbẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ mi ni.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán, irin náà kàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bátìrì sì wà ní Ṣakí. Nígbà tí bátìrì dé lọ́jọ́ kejì, Mísítà Festus ka ohun tí wọ́n sọ fún mi: wọ́n ní àwọn kò gbọ́ Ìyápọ̀ ní aago mẹ́rin àná, àyà àwọn já, àwọn sì pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò sọ fún un pé mo ti gbọ́ kíkàn náà láìsí bátìrì. Ṣùgbọ́n mo rò ó: ní gbogbo Àgọ́-Àmọ́dù, ta ni àyà rẹ̀ já rí nítorí pé Ìyápọ̀ kò yọjú?

Wàhálà wá dé. Fọ́ọ̀mù kan ti Jọ́ọ̀sì dé, pé òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí àwọn mẹ́fà náà tó gbà á wọ ẹgbẹ́ wọn pátápátá. Wọ́n fẹ́ fọ́tò rẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa sọ fún bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí i. Kí ni wọ́n mọ̀ tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí i? Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ nìyẹn. Bàbá yín ní kí n jó o. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni Ìyápọ̀ ń wá kan ilẹ̀kùn mi báyìí, kó-kóó, Mísítà Festus ní ó ń kí mi ni. Bí mo bá jó o, ṣé á tún kí mi?

Bá mi fi owó fọ́tò ránṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ Ìsẹ́yìn, kó tó ti èèyàn méjì. Olúwa á ṣọ́ ọ, wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ, ọmọ tìrẹ náà á máa dá ọ lóhùn. Mísítà Festus ti fún mi ní fọ́ọ̀mù kejì, mo ti kọ orúkọ tèmi, Adépéjú, sí i, mi ò tíì fọwọ́ sí ìkankan. Ìwọ tó kàwé, gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jó méjèèjì, àbí kí n fọwọ́ sí méjèèjì, kó lè jẹ́ pé ibikíbi tí wọ́n bá ń pè é lọ, yóò bá ìyá rẹ̀ láàárín wọn?